Kakulétọ̀ wo ni kí n rà? Ẹ kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ ná

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta kakulétọ̀, iye iṣẹ́ tó ń ṣe ni yóò kọ́kọ́ kà fún yín: "Ẹ wò ó, iṣẹ́ 417 ló wà nínú èyí!" Ẹ jẹ́ kó kà á tán. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó tàn án, kí ẹ tẹ 1 ÷ 200.

Mẹ́ta ló wà níwájú mi báyìí. Ọ̀kan ni ti orí tábìlì tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń lò, tó ń gba nọ́ńbà 12. Èkejì ni Casio fx-82MS tí ọ̀pọ̀ ọmọ girama mọ̀ dáadáa. Ẹ̀kẹta ni Casio fx-991ES Plus. Ti orí tábìlì ní 0.005. 82MS ní 5.×10⁻⁰³. 991 ní 1/200, ó kọ ọ́ bí ìdá gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ìdáhùn kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọmọ kan tí mo ń kọ́ ní ìṣirò rí ti 82MS yẹn, ó kọ 5 sílẹ̀. Mo ní ìyókù ńkọ́? Ó ní, "Tíṣà, mo rò pé 10 yẹn ò sí lára ìdáhùn ni." Ó sì wà níbẹ̀ o. Nọ́ńbà kékeré tó wà lókè ń sọ pé kí ẹ ti póìǹtì sápá òsì lẹ́ẹ̀mẹta. Norm 1, ọ̀kan nínú ọ̀nà méjì tí Casio wọ̀nyí ń gbà to ìdáhùn, ló fà á: nọ́ńbà tí kò bá ti tó 0.01 ló ń kọ báyẹn. Norm 2 kì í ṣe é àfi bí nọ́ńbà bá kéré ju 0.000000001 lọ. Kí ẹ lè bọ́ sí Norm 2 lórí 82MS, ẹ máa tẹ MODE títí Fix, Sci àti Norm yóò fi yọ, kí ẹ tẹ 3, kí ẹ tẹ 2. Lórí 991, SHIFT, MODE, 8, 2 ni. Bọ́tìnì S⇔D ló ń sọ ìdá rẹ̀ di oní-póìǹtì.

Bí ẹ bá ń ra àlòkù, ẹ wò ó bóyá FIX kékeré wà lókè. Bí ẹni tó lò ó kẹ́yìn bá fi í sí Fix 2, ìyẹn nọ́ńbà méjì péré lẹ́yìn póìǹtì, 0.01 ni 82MS yóò sọ fún yín pé 1 ÷ 200 jẹ́, láìsí àmì mìíràn pé ó ti sún un sókè.

D, R tàbí G náà máa ń wà lókè níbẹ̀: ohun tó fi ń wọn igun ni, D ni digirí, R ni rédíánì, G ni grádíánì. Ẹ tẹ sin 30. Bó bá jẹ́ D, 0.5. Bó bá jẹ́ R, −0.988 àti ìyókù rẹ̀. Mi ò lè ka iye kakulétọ̀ tí wọ́n ti gbé wá bá mi pé ó ti bàjẹ́, tó jẹ́ R yìí nìkan ló ń ṣe é.

Kọ́mà ńkọ́? 82MS máa ń fi àmì pín ẹgbẹẹgbẹ̀rún. 991 kì í pín in, 1234567 ló máa tò gbọọrọ. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: ní Kùtọnu àti Lómé, kọ́mà ni wọ́n ń lò níbi tí àwa ń lo póìǹtì. Bí wọ́n bá ti yí 82MS sí Comma, ẹgbẹ̀rún kan ó lé 250 ni 1.250.

Ti orí tábìlì ní ìwà tirẹ̀. Ẹ tẹ 2 + 3 × 4: 20 ló máa sọ, nítorí bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń ṣe é, 14 ni àwọn méjì yòókù yóò sọ. GT ni àpapọ̀ gbogbo ohun tí ẹ ti fi = parí, E sì ni pé nọ́ńbà ti pọ̀ jù fún un. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ibì kan tí wọ́n ń tì síwá sẹ́yìn, tí wọ́n kọ F, 2, 0 tàbí A sí. Ti àǹtí mi tó ń ta aṣọ sún sí A lọ́jọ́ kan: 1250 tó tẹ̀ di 12.50, gbogbo owó ọjọ́ náà sì dínkù ní ìlọ́po 100. F ni kí ẹ fi í sí.

Oníṣọ́ọ̀bù, ẹ ra ti orí tábìlì, kó má sì gba nọ́ńbà tó dín sí 12. Èyí tó ń gba nọ́ńbà mẹ́jọ kò lè gbé ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù náírà mọ́. Ọmọ girama, 82MS tó. Ẹni tó bá ń lọ yunifásítì ni kó náwó lé 991, torí √8 tó ń kọ bí 2√2. Fún JAMB, ẹ má rà rárá: wọn kì í jẹ́ kí wọ́n gbé e wọlé, ọ̀kan wà lórí kọ̀ǹpútà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ tẹ 8 kún ojú rẹ̀ láti òsì dé ọ̀tún. Bí ìlà kan bá ti kú, 8 kan lè dà bí 6 tàbí 9. Ẹ dá a padà fún un.