NVDA lọ́wọ́ àgbàlagbà tí kò ríran, tó padà sẹ́nu ẹ̀kọ́

Ọ̀fẹ́ ni NVDA, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè fún ẹni tí kò ríran. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ gbà á. Ẹni tó ti dàgbà, tí bùkátà ilé wà lọ́rùn rẹ̀, kì í sábà rówó tó kù fún ohun èlò olówó gọbọi tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà síni létí. Michael Curran, tí òun náà kò ríran, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní Ọsirélíà lọ́dún 2006. Ẹni tọ́rọ̀ kàn ló ṣe é, ó sì hàn lára rẹ̀.

Orí Windows nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ṣeé gbé kiri lórí fláàṣì, èyí tó dára bí kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ lèèyàn ń lò. Ohùn tó bá a wá, eSpeak, dà bí ìgbà tí agolo ń sọ̀rọ̀. Mo yí i padà sí ohùn Windows, àmọ́ tí mo bá ń sáré kàwé, agolo yẹn náà ni mo ń padà sí, torí kò sí bó ṣe yára tó tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yé mi.

Ibi tó ti wúlò jù ni ojú ewé ẹ̀kọ́. Tí mo bá tẹ H, ó máa gbé mi lọ sórí àkọlé tó kàn. Insert pẹ̀lú F7 á to gbogbo àkọlé àti líǹkì sílẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ṣe ojú ewé náà bá kàn mú kí lẹ́tà nípọn láìfi í ṣe àkọlé, H kò rí nǹkan kan gbé. Ohun tí mo bá nínú kọ́ọ̀sì mi gan-an nìyẹn. Àwọn bọ́tìnnì wà tí kò ní orúkọ, “bọ́tìnnì” ṣáá ni mò ń gbọ́. Ìwé kíkà wọn sì jẹ́ fọ́tò inú PDF. Insert pẹ̀lú R lè ka fọ́tò lórí Windows 10 sókè, kìkì ohun tó bá wà lójú kọ̀ǹpútà lásìkò náà, tó bá sì dórí tábìlì nọ́ńbà, ó di rúdurùdu. Mo kọ̀wé sí olùkọ́, ó fi fáìlì Word ránṣẹ́. Ó ti wà lọ́wọ́ wọn látọjọ́ yìí!

Fún àsìkò ìdánwò, mo tọ́ka sí abala 24 nínú Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti 2006 lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, tó dárúkọ ẹ̀kọ́ àgbà ní tààrà. Wọ́n fi àsìkò kún un. Ìbéèrè tó ní kéèyàn fi máòsì fa ọ̀rọ̀ sínú àpótí kò tíì ní ojútùú. Ẹlẹgbẹ́ mi ló ń bá mi fà á.

Mo fún NVDA ní mẹ́rin àbọ̀ nínú márùn-ún. Kẹ́ ẹ tó sanwó kọ́ọ̀sì èyíkéyìí, ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀kọ́ kan àti ìdánwò kan hàn yín, kẹ́ ẹ sì tẹ Insert àti F7 lórí rẹ̀.