Ìwé Ìtàn Àràmàǹdà Mẹ́ta fún Àwọn Ọ̀dọ́langba: Èwo Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Rà?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí máa ń bi mí ní ìlú Ọ̀yọ́ wa níbí bí wọ́n bá fẹ́ ra ìwé fún ọmọ tó wà láàárín ọdún 11 sí 17: nínú àwọn ìwé ìtàn tó kún fún idán, iwin àti ìrìn-àjò eléwu, èwo ni ọmọ náà yóò kà dé òpin? Ìbéèrè náà tọ́, nítorí pé ìwé tí ọmọ bá pa dé lójú ewé 20 tí kò sì ṣí mọ́, owó tó bómi lọ ni. Mẹ́ta ni mo fẹ́ fi wéra níhìn-ín. Mo ti ka gbogbo wọn pẹ̀lú àwọn ọmọ nínú ilé wa, mo sì ti rí ibi tí ojú wọn ti tàn àti ibi tí wọ́n ti yán.

Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà ló dàgbà jù lọ nínú wọn, nítorí pé 1938 ló jáde. Ó yẹ kí ará Ọ̀yọ́ mọ̀ pé ìlú wa lọ́wọ́ nínú ìtàn òǹkọ̀wé yìí: Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew tó wà níbí ló ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ó sì tún padà di olùkọ́ níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1930. Àkàrà-ògùn ọdẹ ló ń sọ ìtàn náà. Ó wọ igbó tí àwọn iwin ń gbé, ó bá Àgbákò olójú 16 wọ̀yá ìjà, lẹ́yìn náà ni ọba sì rán òun àti àwọn akọni bíi Kàkó oníkùmọ̀ ekùn àti Olóhùn-iyọ lọ sí Òkè Lángbòdó. Ìwé náà kò nípọn, ó sì dá dúró gedegbe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Igbó Olódùmarè, tó jáde ní 1949, ń sọ nípa Olówó-ayé, bàbá Àkàrà-ògùn.

Èdè rẹ̀ ni agbára rẹ̀, èdè rẹ̀ náà sì ni ìdènà tí ọmọ òde òní yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Gbólóhùn Fágúnwà máa ń gùn, ó máa ń yí po, ó máa ń kó àpèjúwe mẹ́rin lérí ara wọn kó tó sinmi, nítorí náà ẹni tó bá fi ojú nìkan kà á kò tíì kà á. Nígbà tí ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 13, bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ó ń dúró lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka tọ àmì ohùn. Ìyá mi, tó ń ṣa ẹ̀wà nídìí àtùpà, ní kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn náà, kó ké e síta, kó má sì dúró títí tí yóò fi já a. Ọmọ náà ṣe bẹ́ẹ̀, ohùn rẹ̀ sì yípadà lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí Àgbákò yọ, ó na ìka ọwọ́ rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó rí i pé wọn kò tó ojú ẹ̀dá náà, ó sì ní kí àbúrò òun yá òun ní mẹ́fà. Láti alẹ́ ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó ń rán an létí ìwé mọ́.

Àléébù rẹ̀ méjì ni mo gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tó fẹ́ fi owó rà á. Òǹkọ̀wé máa ń dá ìtàn dúró láti gba òǹkàwé nímọ̀ràn, àwọn ọmọ kan sì máa ń fo ibẹ̀. Èkejì ni pé ọkùnrin ni gbogbo àwọn akọni tó lọ sí Òkè Lángbòdó. Ọmọbìnrin tó ń wá ara rẹ̀ nínú ìtàn yóò ní láti wò ó níbòmíràn.

Yóò rí i nínú Akata Witch, tí Nnedi Okorafor kọ, tó jáde ní 2011. Sunny jẹ́ ọmọ ọdún 12 tí wọ́n bí ní New York, tó sì ń gbé ní Aba. Àfín ni, ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù gan-an, ṣùgbọ́n oòrùn kì í jẹ́ kó gbá a lọ́sàn-án. Ó rí òpin ayé nínú iná àbẹ́là, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, Orlu, Chichi pẹ̀lú Sasha, sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ idán lọ́dọ̀ àwọn tí ìwé náà ń pè ní ènìyàn Àmọ̀tẹ́kùn. Ohun kan wà níbẹ̀ tó wù mí púpọ̀: bí ẹnì kan láàárín wọn bá ti ní ìmọ̀ tuntun, owó onírin tí wọ́n ń pè ní chittim yóò já bọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ rọrùn, ọmọ ọdún 11 lè dá kà á, ayé Ìgbò tó wà nínú rẹ̀ yóò sì jẹ́ tuntun fún ọmọ tí kò tíì kúrò lágbègbè Ọ̀yọ́. Kí òbí ṣáà mọ̀ pé ajọ́mọgbé tó ń pa ọmọdé ni ọ̀tá inú ìtàn náà.

Children of Blood and Bone ti Tomi Adeyemi, tó jáde ní 2018, lé ní 500 ojú ewé, ó sì gbóná ju èyí ti Sunny lọ. Ọba kan ti pa àwọn onídán run, ìyá ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Zélie wà lára wọn, ọmọ náà sì jáde láti dá idán padà sí ilẹ̀ Orïsha. Ìtàn náà ń sáré, nítorí pé Zélie pẹ̀lú Amari àti Inan, àwọn ọmọ ọba náà, ni wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ sọ lẹ́nu ara wọn. Ọmọ Ọ̀yọ́ yóò bá ohun tó mọ̀ pàdé níbẹ̀, àmọ́ ní ìrísí mìíràn: Ìlọrin di abúlé apẹja lórí omi òkun, Ṣàngó di òrìṣà ìdílé àwọn oníná, Ọya sì ni àwọn tó ń pàṣẹ fún ẹ̀mí òkú ń sìn. Inú mi kò dùn pé kí ọmọ kọ́kọ́ mọ Ṣàngó láti inú ìwé yìí ṣáájú kó tó gbọ́ pé ó jọba ní Ọ̀yọ́; ẹ sọ ìyẹn fún un ná, lẹ́yìn náà kí ó gbádùn àròsọ náà bí àròsọ. Ìdálóró àti ìpànìyàn inú rẹ̀ le, n kò sì ní fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14.

Ẹ tún ro iye owó dé òpin ìtàn. Ìwé Adeyemi parí síbi tí ọmọ yóò ti máa bèèrè èyí tó kàn, ìkejì jáde ní 2019, ìkẹta sì di 2024, nítorí náà ìwé mẹ́ta lẹ ń rà. Ti Sunny náà ní ìkejì (2017) àti ìkẹta (2022), ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ parí dáadáa fúnra rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ rẹ̀ o: ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Cassava Republic tẹ̀ ẹ́ jáde ní Nàìjíríà ní 2013 pẹ̀lú àkọlé What Sunny Saw in the Flames, wọ́n sì pe ìkejì ní Sunny and the Mysteries of Osisi. Ẹni tí kò mọ̀ lè ra ìwé kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ti ayédèrú, mo ti jẹ ìyà rẹ̀ rí. Mo ra ìwé kan lọ́wọ́ ẹni tó ń pàtẹ létí títì nítorí pé ó dínwó. Nígbà tí ọmọ dé ojú ewé 128, 161 ló kàn, ojú ewé 97 sí 128 sì tún wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ náà sunkún, n kò sì rí ẹni tó tà á fún mi mọ́. Láti ìgbà náà, mo máa ń fi àtàǹpàkò ṣí ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí n tó sanwó, mo ń wo nọ́ńbà, mo sì ń wò bóyá tàdáwà rẹ̀ ń yí mọ́ ọwọ́. Tòkunbọ̀ tó pé sàn ju tuntun tí kò pé lọ. Ní ti Fágúnwà, ẹ yẹra fún ẹ̀dà orí fóònù tí wọ́n kàn ya fọ́tò rẹ̀, nítorí pé àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà kì í hàn níbẹ̀.

Fún ọmọ ọdún 11 tàbí 12 tó máa ń dá kàwé, ìwé Sunny ni kí ẹ rà. Fún ọmọ ọdún 15 tó ti ń jẹ ìwé bí ẹni jẹ ẹ̀pà, ti Zélie yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n bí owó ọwọ́ yín bá jẹ́ ti ẹyọ kan péré, Ògbójú Ọdẹ ni mo fẹ́ kí ẹ gbé wálé, níwọ̀n ìgbà tí àgbàlagbà kan bá wà tí yóò jókòó ti ọmọ náà ní alẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú ilé, ẹ fi ti Sunny ṣáájú, kí Fágúnwà dúró di ìgbà tí wọ́n bá gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, tí ọmọ yóò lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà.