Bàálù tó gbé mi lọ Accra

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ ti bàálù tá a wọ̀ lọ Accra lópin ọ̀sẹ̀ tó kọjá, torí inú mi ṣì ń dùn. Mi ò wọ bàálù rí láyé mi, ẹ̀rù ni, kódà Abuja, mọ́tò ni mo máa ń wọ̀ lọ. Àfi bí àbúrò mi ṣe pè mí lọ́jọ́bọ̀ pé òun ti ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì, lọ́la la ń lọ, Gánà ò sì gba físà lọ́wọ́ wa, kí n tó rí nǹkan tí màá fi kọ̀ a ti dé Ikeja.

Wọ́n pẹ́ wákàtí méjì kí wọ́n tó ní ká wọlé, ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ wá, ìyẹn ò dáa rárá. Àmọ́ ọmọbìnrin tó ń tọ́jú wa nínú bàálù, Ọlọ́run á bù kún un! Ó rí i pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ló bá bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Mọ́mì, ariwo tẹ́ ẹ máa gbọ́ yẹn, táyà ló ń ká wọlé o, tó bá sì ń mì, atẹ́gùn ni, bí ìgbà tí mọ́tò kó sí kòtò ni." Bó ṣe wí náà ló rí. Nígbà tó mì, mo di ọwọ́ àbúrò mi mú pinpin, mò ń ka Sáàmù 121, kò pẹ́ wọ́n ní a ti fẹ́ balẹ̀. Bíi wákàtí kan péré! Aago Gánà sì wà lẹ́yìn tiwa ní wákàtí kan, àfi bíi pé a ò tíì kúrò nílé.

Mítípáì wọn tutù o, ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó lọ, wáákyé, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n jọ sè pọ̀, wà ní Accra. Nígbà tá à ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, èmi fúnra mi ni mo ní kí wọ́n fún mi níjòókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.