Ìgbín Ààyè Tàbí Fídíò: Èwo Ni Ká Fi Mú Ọmọ Mọ Ìgbín Òkun?

Òkun jìnnà sí Ìlọrin. Kí ọmọ tó lè mọ ìgbín òkun aláràbarà tí kò ní ìkarahun, ṣé ìgbín ilé ni kó kọ́kọ́ rí ni, àbí fídíò?

Lásìkò òjò, ìgbín kì í náni lówó. Ike oníhò, iyẹ̀pẹ̀ tútù àti ewé ìbẹ́pẹ ti tó. Ẹ gbé e sórí gíláàsì, kí ọmọ wo ẹnu rẹ̀ láti abẹ́ bó ṣe ń họ oúnjẹ. Fídíò ní tirẹ̀ ń jẹ dátà, iná sì lè lọ. Ẹ gbà á sórí fóònù ṣáájú.

Ìgbín lè gbé aràn tó ń ṣèpalára fún ọpọlọ, nítorí náà ọṣẹ àti omi ni kí wọ́n fi fọwọ́. Ẹ má jẹ́ kí iyọ̀ kàn án, yóò fa omi ara rẹ̀ gbẹ.

Àrà òkun, fídíò nìkan ló lè fi hàn. Ìgbín òkun kan tí wọ́n ń pè ní Glaucus atlanticus ń jẹ ẹran òkun olóró, á sì kó oró náà pamọ́ sára láti fi gbèjà ara rẹ̀. Ìgbín òkun mìíràn, Elysia marginata, ló jọ mí lójú jù: ó lè já orí ara rẹ̀ kúrò, orí yẹn á sì hu ara tuntun, títí kan ọkàn tó ń lù, láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3.

Ọmọ mẹ́ta mẹ́rin tí àgbà dúró tì: ìgbín. Ọmọ tó ṣì ń ki ọwọ́ bọ ẹnu, kíláàsì tó kún, tàbí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ìgbín ti dí ẹnu ìkarahun rẹ̀: fídíò.