Ìbéèrè tí ọmọ bi bàbá rẹ̀ nínú mọ́tò: mo wo "College", apá karùn-ún The Sopranos

Ọ̀sẹ̀ tí mo gbé ọmọ mi obìnrin lọ wo Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ago-Ìwòyè ni mo wo apá yìí nínú The Sopranos, eré tẹlifíṣọ̀n alápá púpọ̀ ti Amẹ́ríkà. Bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi kúrò lọ́kàn mi. Láti Ìjẹ̀bú-Òde, a gba ìlú Òru kọjá. Ọ̀nà náà kò jìn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a bá ara wa sọ lọ́jọ́ náà ju èyí tí a ti ń sọ nílé láti ọdún kan lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, òun fúnra rẹ̀ ló gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá, ó ní, "Dádì, ẹ wá wo bàbá kan tó gbé ọmọ ẹ̀ lọ wo ilé ìwé."

Ọjọ́ 7 oṣù kejì ọdún 1999 ni HBO, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ gbé e jáde. Tony Soprano, èèyàn ńlá nínú Máfíà, ẹgbẹ́ ọ̀daràn, ní New Jersey, gbé Meadow ọmọ rẹ̀ lọ wo kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ìpínlẹ̀ Maine. Nínú mọ́tò, ọmọ bi í bóyá inú Máfíà ló wà. Ó kọ́kọ́ sẹ́, ó ní iṣẹ́ ìdọ̀tí kíkó lòun ń ṣe. Nígbà tó yá, ó jẹ́wọ́ pé díẹ̀ nínú owó òun ń wá láti inú tẹ́tẹ́ tí òfin kò gbà láyè. Ẹ wo ojú James Gandolfini, ẹni tó ṣe Tony, níbẹ̀! Ẹ̀rù ọmọ rẹ̀ ń bà á ju ẹ̀rù ọlọ́pàá lọ. Ni Meadow náà bá jẹ́wọ́ oògùn tí òun lò kí òun lè kàwé mọ́jú.

Ibi tí wọ́n ti dúró ra epo ni Tony ti rí Febby, ọmọ ẹgbẹ́ wọn àtijọ́ tó ta wọ́n fún ìjọba, tó yí orúkọ padà, tó sì ń gbé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọbìnrin kékeré. Nígbà tí Meadow wà níwájú àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Colby, Tony ń fi wáyà fún Febby lọ́rùn. Ó pẹ́ kí ọkùnrin náà tó kú, wọn ò sì gé ibẹ̀ kúrú. Ẹ̀rù ba àwọn ọ̀gá HBO pé àwọn òǹwòran máa kórìíra Tony, ṣùgbọ́n David Chase, ẹni tó dá eré náà sílẹ̀, kò yí ìpinnu rẹ̀ padà. Òun àti James Manos Jr. ló kọ apá yìí, wọ́n sì gba Emmy, ẹ̀bùn ńlá fún eré tẹlifíṣọ̀n, lórí rẹ̀.

Síbẹ̀, ìgbà tí Tony padà wá gbé ọmọ rẹ̀ ló dùn mí jù. Meadow rí ẹrẹ̀ lára bàtà rẹ̀, ó rí ọgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó béèrè, bàbá sì purọ́. Ọmọ mọ̀ pé irọ́ ni. Ilẹ̀kùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí láàárín wọn tún tì. Ọ̀rọ̀ Hawthorne, òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà àtijọ́, lórí ẹni tó ní ojú méjì, èyí tí Tony kà lára ògiri ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Bowdoin, kò pọn dandan fún mi lẹ́yìn ìyẹn. Ojú rẹ̀ ti sọ ọ́ tán.

Nílé, Carmela ìyàwó rẹ̀ àti àlùfáà kan jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú. Ibẹ̀ fà díẹ̀, títí obìnrin náà fi jẹ́wọ́ pé òun mọ irú iṣẹ́ tí ọkọ òun ń ṣe, ìgbádùn ni kò jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Lóde àríyá wa ní Ìjẹ̀bú, a máa ń kí ẹni tó náwó, a kì í bi í níbi tó ti rí i.

Bí eré ti parí, ọmọ mi bi mí bóyá mo ti purọ́ fún òun rí. Mo sọ fún un pé ọdún tí mo ní mo lọ ra pákó ní Oǹdó, Èkó ni mo wà, mo ń ṣọ́ ilé onílé, nítorí ṣọ́ọ̀bù ti dẹnu kọlẹ̀. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́, òun kàn ń dúró kí n sọ ọ́ ni.