Ọ́fíìsì agbẹjọ́rò kan ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́: ibi tí a gbé ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí wọ́n dá dúró lọ

Oṣù mẹ́rìnlá ni àbúrò mi obìnrin lò ní ilé ìránṣọ kan lábẹ́ ètò ìkọ́ṣẹ́ tí ìjọba ń náwó sí. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ọ̀gá pe òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn, ó ní owó ìjọba ti tán, kí wọ́n má wá mọ́ láti ọjọ́ kejì. Kò fún wọn ní ìwé kankan, bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ wọ́n ní oṣù méjì nínú owó tí òun fúnra rẹ̀ ṣe àdéhùn láti máa fi kún ti ìjọba. Ìdí nìyí tí mo fi mú àbúrò mi lọ bá agbẹjọ́rò obìnrin kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Sábó.

Ohun tó mú kí n bọ̀wọ̀ fún agbẹjọ́rò náà ni pé kò fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn wá. Ó ka ìwé àdéhùn látòkè délẹ̀ lójú wa, ó fi ìka tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ìkọ́ṣẹ́ yóò parí nígbà tí ètò bá parí, ó sì ní kí a yọ ọ́ lọ́kàn pé ẹnikẹ́ni yóò dá àbúrò mi padà sẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló bi í pé, “Ọmọ mi, kí lo ń ṣe níbẹ̀ lójoojúmọ́?” Àbúrò mi dáhùn pé láti oṣù kẹfà ni àwọn ti ń rán aṣọ ilé-ìwé tí ọ̀gá ń tà. Ìdáhùn yìí ló yí ẹjọ́ padà. Lọ́yà ṣàlàyé pé ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí ọ̀gá ń jèrè rẹ̀, tó sì ń gba owó lórí rẹ̀, lè bá ilé ẹjọ́ sọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ ni òun, ohun yòówù kí wọ́n máa pe òun; àti pé abala 11 nínú Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà sọ pé òṣìṣẹ́ tó ti lò ju oṣù mẹ́ta lọ, tí kò sì tíì pé ọdún méjì, gbọ́dọ̀ gba ìwé ìfitónilétí ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n sì san gbogbo owó rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé. Ó fi N-Power, ètò ìjọba àpapọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, ṣe àpẹẹrẹ: olùyọ̀ǹda ara ẹni ni wọ́n pe àwọn tó ń gba ₦30,000 lóṣù níbẹ̀, nítorí náà nígbà tí ìjọba tú àwọn tó wà ní ìpín A àti B, ìyẹn àwọn tó kọ́kọ́ wọlé, sílẹ̀ ní 2020, ó nira fún wọn láti pe ara wọn ní òṣìṣẹ́.

Ó tún sọ òótọ́ nípa ilé ẹjọ́ àpapọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ní Ìbàdàn, pé owó tí a ó fi máa lọ, tí a ó fi máa bọ̀, lè ju gbèsè náà lọ. Nítorí náà, lẹ́tà ló kọ́kọ́ kọ sí ọ̀gá. A san ₦5,000 fún ìmọ̀ràn àti ₦15,000 fún lẹ́tà, wọ́n sì fún wa ní rìsíìtì.

Ohun kan dùn mí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ lẹ́tà náà, kò sì sí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ fún àbúrò mi títí tí mo fi bẹ̀bẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló ni ọ̀rọ̀. A sì jókòó ju wákàtí méjì lọ kí ó tó kàn wá, nítorí pé èrò pọ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Ní ọjọ́ kọkànlá, ọ̀gá san owó oṣù méjì náà, ó sì fi ti ọ̀sẹ̀ kan lé e. Ìwé ẹ̀rí ìkọ́ṣẹ́ ló kù tí kò tíì fi sílẹ̀. Lọ́yà ń kọ lẹ́tà kejì lórí rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Mo ti ní kí àwọn mẹ́ta yòókù kó ìwé àdéhùn wọn, àkọsílẹ̀ owó tó wọ báńkì àti fọ́tò aṣọ tí wọ́n rán dání, kí wọ́n sì lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.