Farol da Barra ní Salvador: ṣé ó tó ohun téèyàn ń sanwó gùn?

Ohun tí ọ̀pọ̀ àlejò máa ń ṣe nídìí Farol da Barra, ilé iná tó ń tọ́ ọkọ̀ òkun sọ́nà ní ìlú Salvador lórílẹ̀-èdè Brazil, ni pé wọ́n á dúró síta lórí koríko, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á ra omi àgbọn, wọ́n á bá tiwọn lọ. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo ìyẹn. Èmi sanwó wọlé, mo gùn ún dókè, owó mi ò sì ṣòfò.

Inú odi ológun Santo Antônio da Barra ló wà, ní ṣóńṣó ilẹ̀ tí omi òkun ti ń ya wọ Baía de Todos os Santos, apá òkun tó wọnú ilẹ̀ lọ. Ilà dúdú àti funfun ló yí i ká látòkè délẹ̀. Kò ga rárá, mítà 22 péré ni, àwọn ilé alájà púpọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ga jù ú lọ fíìfíì. Ẹni tó bá ń wá ibi gíga, kó gba ibòmíì lọ. Ìtàn rẹ̀ ló gbé mi lọ.

Lóṣù Karùn-ún ọdún 1668, ọkọ̀ Sacramento, tó ṣáájú ọ̀wọ́ ọkọ̀ oníṣòwò àwọn Potogí, dé ẹnu omi yìí nínú ìjì. Ìlú ò jìnnà mọ́, ṣùgbọ́n kò síná kankan tó ń tọ́ awakọ̀ sọ́nà. Òkìtì yanrìn abẹ́ omi níwájú àdúgbò Rio Vermelho ló pa ọkọ̀ náà lára, ó rì, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún èèyàn sì bómi lọ. Ọgbọ̀n ọdún gbáko kọjá kí wọ́n tó gbé iná sórí odi náà lọ́dún 1698: àtùpà bàbà onígíláàsì, òróró àbùùbùtán ni wọ́n ń bù sí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ka ibẹ̀ mọ́ àwọn ilé iná tó pẹ́ jù ní gbogbo Amẹ́ríkà. Èyí tá à ń rí lónìí, ọdún 1839 ni wọ́n kọ́ ọ. Iná mànàmáná dé ibẹ̀ ní 1937.

Mùsíọ́ọ̀mù ọ̀rọ̀ òkun, Museu Náutico da Bahia, ló wà nínú odi náà. Ìdí ẹrù Sacramento ni mo ti pẹ́ jù. Láàárín ọdún 1970 sí 1980 ni àwọn òmùwẹ̀ lọ kó wọn jáde nísàlẹ̀ òkun. Abọ́ ìjẹun funfun kan tí wọ́n fi aró ya ọnà sí lára wà níbẹ̀, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ lánàá ni. Mi ò tètè lè kúrò níwájú rẹ̀.

Àtẹ̀gùn náà há, ó sì ń yí po. Ẹni tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ á fara ti ògiri kí ẹlòmíì tó kọjá. Ẹni tí orúnkún ń dùn, ẹ fara balẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dókè, ẹ di fìlà yín mú. Lọ́wọ́ ọ̀tún, erékùṣù Itaparica ni. Lọ́wọ́ òsì, ọ̀nà Rio Vermelho, níbi tí wọ́n ti ń gbé ẹbọ Yemọja lọ sójú omi lọ́jọ́ kejì oṣù Kejì lọ́dọọdún. Iná funfun àti pupa ló ń pààrọ̀ ara wọn lórí yín.

Kí ọmọ Yorùbá mọ̀ pé ẹnu omi yìí ni wọ́n kó àwọn èèyàn wa tí wọ́n mú lógun gbà wọ Bahia, ìpínlẹ̀ tí Salvador wà. Ibẹ̀ náà ni àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn èèyàn wa tó kúrò ní Brazil, gbà padà sí Èkó, pàápàá lẹ́yìn tí ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ọdún 1835 mú kí ìjọba ibẹ̀ le mọ́ ọmọ Áfíríkà. Àwọn tó ṣí lẹ́yìn 1839, ilé iná yìí gan-an ni wọ́n kọjá níwájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi níbẹ̀ o, èmi ni mo rò ó.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ, nítorí oòrùn ń tètè wọ̀ ní Salvador, nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀ sí mẹ́fà. Ojú omi ló ń wọ̀ sí, àwọn èèyàn á sì pàtẹ́wọ́ fún un! Àwọn obìnrin aláṣọ funfun ń din àkàrà nínú epo pupa nítòsí, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bèèrè iye rẹ̀. Ọ̀kan wà tó fẹ́ gba ìlọ́po méjì lọ́wọ́ mi nígbà tó gbọ́ Potogí mi.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Lásìkò Carnaval, ọdún ijó ìgboro wọn, ẹ má wulẹ̀ lọ bó bá jẹ́ pé inú ilé ni ẹ fẹ́ rí, torí iwájú ibẹ̀ gan-an làwọn ọkọ̀ olórin ti ń gbéra lọ sí àdúgbò Ondina.